Kílò Tó Ń Padà Wá: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Ikùn, Láti Iowa Dé Ìkòròdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Máìlì 12, mo mọ̀ pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti dá yín dúró. Ẹ fi yapíìsì sétí, ìtàn wà nílẹ̀ lónìí.

Àbúrò ìyá mi obìnrin kan ń gbé ní Ìkòròdú. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ní 2016, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 138. Orúnkún ń dùn ún, ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé. Àǹtí ta ilẹ̀ kan, ó lọ sí Íńdíà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ikùn kù fún un. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti dé kílò 92. Ẹ wá wo wàhálà: àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Kí ló ń ṣe àbúrò yín?" Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ní o ti sanra, wọ́n ń kí ẹ ni. Tí wọ́n bá ní o ti rù, wọ́n ń wádìí ẹ ni.

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí tún gun ìwọ̀n. Kílò 105. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ó ní owó ilẹ̀ òun ti wọgbó, ọ̀fun òun ló kó bá òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò gbà, òun ló sì mú mi lọ ka ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ àti sísanra fáwọn òbí wa, ẹni tí ọ̀pọ̀ wọn máa rántí ni Olóògbé Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ wa nígbà yẹn, tó kú ní Spain ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n ń fà nínú irú iṣẹ́ yẹn. Wọn kì í fọwọ́ kan ikùn. Èyí tí Àǹtí ṣe, ikùn àti ìfun gan-an ni wọ́n tún tò.

Ó ti pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Kremen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe fo apá tó pọ̀ nínú ìfun kí oúnjẹ má bàa ráyè wọ ara. Àwọn èèyàn rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru, òkúta inú kíndìnrín àti àìsàn ẹ̀dọ̀ pọ̀ débi pé wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì nígbà tó yá. Lẹ́yìn náà ni Edward Mason dé, oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Iowa. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n gé lára ikùn wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í tètè sanra padà. Ní 1966, òun àti Chikashi Ito ṣe iṣẹ́ abẹ tó mú ikùn kéré, tí wọ́n sì so ìfun mọ́ ọn tààrà. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni ti Àǹtí.

Nígbà tó di 1980, Mason tún gbé òmíràn dé. Kò fọwọ́ kan ìfun rárá. Ó kàn rán apá òkè ikùn kó kéré, ó sì fi òrùka sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó má fẹ̀. Ó dà bíi pé ọgbọ́n ti parí. Àmọ́ ẹran àti búrẹ́dì ni ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn ń dá dúró. Áísìkiriìmù àti mínírà ń ṣàn kọjá ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ohun dídùn olómi gbé kílò wọn padà.

Ìwádìí tó là mí lójú jù wá láti Sweden. Láti 1987 ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn jọ síbẹ̀: ẹni 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, àti 2,037 tí kò ṣe é. Àwọn tó ṣe irú ti Àǹtí pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ó ti wálẹ̀ sí 25. Mo gbé fóònù mi, mo ṣírò ti Àǹtí: ó pàdánù ìdá 33, ó wá ku 24. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Lára àwọn ará Sweden yẹn ni ì bá wà, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sí i. Ìwádìí yẹn kan náà sọ ní 2007 pé ikú kéré láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ju àwọn tí kò ṣe é lọ, pẹ̀lú gbogbo kílò tó padà wá. Owó ilẹ̀ ò wọgbó.

Kí ló dé tó fi ń padà? Ara kì í gbàgbé ebi. Láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys fi oúnjẹ díẹ̀ bọ́ ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn ní Minnesota fún ọ̀sẹ̀ 24. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa jẹun dáadáa padà, ọ̀rá tí ara wọn kó jọ ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1999, Kojima àti Kangawa ní Jàpáànù rí ghrelin, èròjà kan tí ikùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Ìwádìí kan ní 2002 wá fi hàn pé ó máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tó fi ìṣọ́ oúnjẹ jẹ rù, ṣùgbọ́n ó kéré lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ ti Mason. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ dúró pẹ́. Ara ṣì ní ọgbọ́n míì. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ikùn kékeré yẹn máa ń gba oúnjẹ díẹ̀ sí i. Ara kílò 92 kì í sì í jó oúnjẹ tó ara kílò 138, torí náà oúnjẹ tí kò fi nǹkan kan kún un láyé àtijọ́ ti ń fi kún un báyìí.

Ọ̀rọ̀ wá dórí kálórì. Wilbur Atwater, ará Amẹ́ríkà tó ń wọn oúnjẹ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló fi ìṣirò tí a ṣì ń lò sílẹ̀: gíráàmù púrótéènì kan, 4, oúnjẹ oníṣítáàṣì, 4, ọ̀rá, 9. Ẹ wá gbé e wá sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé bàbá wọn Àǹtí wà. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n máa ń gbé síwájú àlejò níbẹ̀: ewùrà tí wọ́n rin, ẹja, epo pupa. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa nìkan tó bíi kálórì 120. Ìkọ́kọrẹ́ sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, kò nílò jíjẹ lẹ́nu, ó ń yọ̀ wọlé bíi áísìkiriìmù ayé Mason. Mi ò bú ìkọ́kọrẹ́ o, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà! Ẹja inú ẹ̀ gan-an ló yẹ kí Àǹtí kọ́kọ́ jẹ. Púrótéènì ló ń tètè yóni, òun ni wọ́n sì ní kí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fi ṣáájú, kó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má fi omi tì í, kó sì máa lo fítámì rẹ̀ títí ayé torí ìfun ò gba gbogbo nǹkan mọ́.

Mo ka ìṣirò Sweden fún un lórí fóònù. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní kí n tún un kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ìsọmọlórúkọ. Ìyá àgbà kan bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó kún abọ́. Àǹtí kúnlẹ̀ gbà á, "Ẹ ṣé é, Mà." Ó ṣa ẹja inú ẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, ó bu ṣíbí mẹ́ta ìkọ́kọrẹ́ tì í, ó sì ti abọ́ yòókù sí ọ̀dọ̀ mi. "Ṣé kò dùn ni?" ni ìyá yẹn bi í. "Ó dùn, Mà. Ìyẹn gan-an ló dé."