Terrace ní Mowe àbí ilẹ̀ ní Ifo? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè

1/ Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: terrace oníyàrá mẹ́ta, lẹ́bàá Mowe. "Àbúrò, ṣé kí n san àsansílẹ̀ ni, àbí kí n ra ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ní Ifo, kí n máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀?" Owó tó ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́fà ni o. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rèé. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

2/ Terrace ni ilé tó tò mọ́ra, tí ìwọ àti aládùúgbò jọ ń lo ogiri kan. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú agbo ilé, yàrá lẹ̀ mọ́ yàrá. Àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ti ẹbí ni. Lọ́dún 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe ti olóyè nìkan, ti àwùjọ àti ẹbí ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ tó bá gbà á.

3/ Ẹ wá wo 1955. LEDB, àjọ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè, sínú ilé kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Terrace gan-an nìyẹn. Ilé mọ́, ọ̀nà gún.

4/ Peter Marris lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Kí ló bá níbẹ̀? Owó ọkọ̀ ń jẹ owó iṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà pàdánù oníbàárà. Ẹbí tó ń wọlé wọ̀de lójoojúmọ́ di ẹni à ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ di ayálégbé. Ilé tuntun ni, àmọ́ ìgbé ayé le sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

5/ Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní 1978. Ọ̀kan, òfin ilẹ̀ tuntun (Land Use Act) fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Èkejì, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Abúlé àgbẹ̀ ni Mowe àti Ibafo tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà dé, owó ilé Èkó ń gòkè, ni èrò bá ń ya wọ̀lú. Ifo ní tiẹ̀ ti wà lójú rélùwéè tipẹ́: ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, Ifo ló gbà kọjá.

6/ Ohun táwọn òbí wa ṣe ni pé wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ó ní àǹfààní: ilẹ̀ tìẹ ni, o lè kọ́ yàrá méjì kí o sì kó wọlé, o lè ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ọmọ onílẹ̀! Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Wọ́n á ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Ajàgùngbalẹ̀ ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ògùn ní láti ṣòfin lòdì sí wọn ní 2016.

7/ Terrace gba ẹ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ nínú wàhálà yẹn. Ẹni tó kọ́ ilé ló ti bá ọmọ onílẹ̀ fà á. Ẹ jọ pín owó geeti, ọ̀nà, kànga ẹ̀rọ àti ológun-ún ṣọ́dẹ. O gba kọ́kọ́rọ́, o kó wọlé.

8/ Àbùkù rẹ̀ náà wà. O ò lè fa ilé gùn, o ò lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa dún sí ẹ létí. Owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì ò lópin. Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ilẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lórí gbogbo ẹ́sítéètì, lórúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ. Tí wọn ò bá fi apá tìẹ lé ẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìfọwọ́sí gómìnà, ogiri lo rà.

9/ Ká tún padà sí Sùúrùlérè: owó ọkọ̀ ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, ẹni tó ń ti Mowe lọ sí Berger mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí, ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2021, ó sì ní ibùdó ní Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo. Àmọ́ ẹ wo iye ìgbà tó ń rìn lóòjọ́ kí ẹ tó gbọ́kàn lé e.

10/ Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi, ì báà jẹ́ terrace, ì báà jẹ́ ilẹ̀. Ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ ta ni? Ta ló ń pinnu owó ìtọ́jú, ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀? Èló ni owó ọkọ̀ lóṣù, tó o bá rò ó pọ̀ mọ́ owó ilé? Kó tó san kọ́bọ̀, kí lọ́yà tiẹ̀ (kì í ṣe lọ́yà tiwọn o!) lọ wo ìwé náà ní Abẹ́òkúta.

11/ Tó bá jẹ́ èmi, terrace tó níwèé sàn ju ilẹ̀ tó ní ẹjọ́. Ilẹ̀ tó níwèé sì sàn ju terrace tí kò ní. Ẹ̀gbọ́n ti bi èjẹ́ǹtì ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn á pè é padà. Ó ti di ọjọ́ kẹrin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà lápá ibẹ̀, kí lojú yín rí? Ẹ bá wa sọ ọ́ nísàlẹ̀.