Òpó àti Ṣíbí: Bí Ojú Ṣe Ń Ka Àwòrán Àdìrẹ

Ẹni tí ó bá kúrò ní Dùgbẹ̀, tí ó kọrí sí Abẹ́òkúta, yóò la Àpáta kọjá. Ọ̀nà yìí ni ó so ìlú méjì tí òkìkí àdìrẹ ẹlẹ́kọ wọn kàn púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pọ̀. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí àwọn ọkùnrin dá ihò àwòrán sí ni ó gbilẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí ń rajà, ṣùgbọ́n ó kan ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wò: kí ni ojú ń ṣe nígbà tí ó bá ń wo àwòrán?

Ní 1912, Max Wertheimer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde. Lórí rẹ̀ ni òun, Wolfgang Köhler àti Kurt Koffka gbé ẹ̀kọ́ Gestalt kà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ ìrísí odidi nǹkan. Wọ́n ní ojú kì í mú nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ni ó ń kó wọn jọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Ohun tí ó bá súnmọ́ra, tàbí tí ó jọra, yóò di agbo kan. Edgar Rubin, ọmọ Denmark, ti ya àwòrán kan ní 1915 tí ó lè jẹ́ ife, tí ó sì lè jẹ́ ojú ènìyàn méjì tí ó kọjú síra. Ó kù sí ọwọ́ èyí tí òǹwòran bá mú ní àwòrán àti èyí tí ó bá fi ṣe ilẹ̀. Ìlànà wọ̀nyí ni àwọn tí ń ṣètò ojú ìwé àti pátákó ìpolówó ń tẹ̀ lé títí di òní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ aṣọ Ìbàdàndùn sílẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin aládìrẹ kò ya gbogbo ilé náà. Òpó rẹ̀ ni ó tò, ó sì fi ṣíbí sí àárín òpó kan àti èkejì. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ti rí òpó mélòó kan ti rí Màpó ná. Àlàfo tí ì bá sì jẹ́ òfo ti di àwòrán mìíràn.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò ni aró kò ní mú dáadáa. Ohun tí obìnrin náà ń yà kọ́ ni yóò dúdú. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni. Ojú kan aṣọ ni ẹ̀kọ sì wà, aró a máa yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé, tí ibi tí a yà á fi mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run. Bí aṣọ bá ti wọ ìkòkò aró, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí kò bá ti rí àwòrán àti ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó aṣọ, owó ẹ̀kọ àti owó aró ṣòfò.

Ní ti páànù, bí a bá gé ìlà yípo, àárín rẹ̀ yóò já bọ́. Agépáànù gbọ́dọ̀ fi afárá tínínrín sílẹ̀ káàkiri, nítorí náà ìlà aṣọ náà a máa já. Síbẹ̀ òǹrajà kì í rí ìjákulẹ̀. Ojú rẹ̀ ti so ó.

Àṣejù ni kí a sọ pé àwọn aládìrẹ ṣáájú Wertheimer. Wọn kò kọ òfin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní èèṣì kò tíì di ìyẹ́ adìẹ mú rí. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú ìwé lórí àdìrẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ife Rubin fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lónìí lè kọ́kọ́ gbé Ìbàdàndùn kọ́ sára ògiri, kí ó sì bi wọ́n pé: òpó ni ẹ kọ́kọ́ rí ni, tàbí ṣíbí?