Fífi Gẹ̀ẹ́sì Wá Owó Láti Kọ́ Èdè Ṣáínà: Àṣà Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pófo. Síbẹ̀, ó ti ju igba ọdún lọ tí àwọn àjèjì ti ń lé eku méjì nílẹ̀ Ṣáínà: wọ́n ń kọ́ èdè àwọn onílẹ̀, wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wá owó oúnjẹ àti owó ilé. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà wà lára àwọn tó ń ro irú ìlépa yìí lónìí. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí àwọn tó ṣáájú ṣe rìn ín, nítorí ohun méjì ló ń dínà léraléra nínú ìtàn náà: òfin ìlú, àti àkókò tí iṣẹ́ owó ń gbà mọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Ìgbà kan wà tí kíkọ́ àjèjì ní èdè Ṣáínà lè pa ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 1759, James Flint, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ èdè Ṣáínà, fi àwọn aláṣẹ Canton sùn lọ́dọ̀ ọba. Wọ́n fi Flint sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní Macau. Ọmọ Ṣáínà tí wọ́n ní ó bá a kọ ìwé ẹ̀sùn náà ni wọ́n bẹ́ lórí. Nígbà tí ajíyìnrere Robert Morrison gúnlẹ̀ sí Canton ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1807, ìkọ̀kọ̀ ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ. Ní ọdún 1809, East India Company gbà á síṣẹ́ ògbufọ̀ ní 500 pọ́n-ùn lọ́dún. Iṣẹ́ yìí bọ́ ọ, ó sì fún un ní ìdí tí kò fi ní í kúrò nílùú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà ń fi èdè Ṣáínà sí i lẹ́nu lójoojúmọ́. Owó àti ẹ̀kọ́ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. Láàárín ọdún 1815 sí 1823 ni ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó ṣe jáde tán.

Ní ọdún 1818, Morrison àti William Milne dá Anglo-Chinese College sílẹ̀ ní Malacca, níbi tí ọwọ́ òfin Ṣáínà kò tó. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn ọmọ Ṣáínà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òyìnbó sì ń kọ́ èdè Ṣáínà. James Legge, tó di ọ̀gá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ṣáínà àkọ́kọ́ ní Oxford ní ọdún 1876.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn ọ̀dọ́ òde òní jù ni John Fryer, tí wọ́n bí ní Hythe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1839. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ṣẹ́gun wọ Peking ní ọdún 1860, ìjọba Ṣáínà rí i pé àìgbọ́ èdè àjèjì ń pa wọ́n lára. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Tongwen Guan sílẹ̀ ní ọdún 1862 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fryer gba iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1863, ó sì ń kọ́ èdè Mandarin. Ní ọdún 1865 ó kọjá sí Shanghai láti darí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn oníṣòwò ń fi ọmọ wọn sí nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi ná ọjà.

Nígbà tó di ọdún 1868, Fryer fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó di atúmọ̀ èdè ní ilé ìrọ̀hun-ìjà Jiangnan. Òun yóò ka ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, yóò sọ ọ́ lẹ́nu ní èdè Ṣáínà. Ọ̀mọ̀wé Ṣáínà tó jókòó tì í yóò sì tún un kọ ní èdè tó dán mọ́rán. Ìwé tó lé ní 70 ni wọ́n túmọ̀ báyìí, kí Yunifásítì California ní Berkeley tó gbà á ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1896. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Peking àti Shanghai; ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi túmọ̀ ìwé. Àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ fún un, kò sì jókòó pa sórí àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn ọdún 1949, ìlẹ̀kùn Ṣáínà sé mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Taipei ní Taiwan sì di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà. Yunifásítì àwọn olùkọ́ níbẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè Mandarin sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń lọ sí kíláàsì láàárọ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ onílé ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Ìdẹkùn ibẹ̀ kò pamọ́. Àmì ìkọ̀wé Ṣáínà kì í dúró lórí ẹni tí kò bá tún un kọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò délé pẹ̀lú owó lápò àti oorun lójú. Ohun tó kọ́ láàárọ̀ yóò sì ti máa ṣí lọ.

Ní Ṣáínà òde òní, òfin tún ti padà sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 81,562. Òfin ìwọlé àti ìjáde tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá ibi àti wákàtí tí wọ́n fọwọ́ sí. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 5,000 sí 20,000 yuan; bí ọ̀ràn bá wúwo, àtìmọ́lé ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níbẹ̀. Ìlànà ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti ọdún 2017 sì ní kí olùkọ́ èdè máa kọ́ni ní èdè abínibí orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó ní oyè yunifásítì àti ìrírí ọdún méjì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ Nàìjíríà: Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ka ìwé ìrìnnà rẹ̀ mọ́ ti àwọn elédè náà. Nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà fòfin de ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ àfikún tí ilé-iṣẹ́ ń tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọjà náà fúnra rẹ̀ kéré sí i.

Kí ni kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ ṣe? Kí ó wá ìwé àṣẹ kí ó tó wá iṣẹ́. Kí ó ka iye wákàtí tó lè yá iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó kà á fún un. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó wá iṣẹ́ tó ń fi èdè Ṣáínà sí i lẹ́nu bí ti Morrison. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti mú etí tó mọ ohùn dání lọ síbẹ̀. Ohun ìní ni, kò yẹ kí ó fi ṣòfò. Òótọ́ ni pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àmọ́ kí ẹni tó torí èdè Ṣáínà sọdá òkun má ṣe tún fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan padà wálé.