Púlọ́ọ̀gì Tó Dípẹtà Mọ́ Ẹ́ńjìnnì

Gbólóhùn kan ló dá mi dúró nínú ìwé ìkọ́ṣẹ́ tí mò ń kọ: bí a ṣe ń yọ púlọ́ọ̀gì tó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tó kọ̀ tí kò tú. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìyọnu. Mo ti kọ́kọ́ pè é ní "ataná", nítorí iná ló ń ta lẹ́nu rẹ̀ ("aṣáná" ì bá dùn jù, àmọ́ ìṣáná ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ wa tipẹ́). Mo dé ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Ìwó, mo ní kí ọmọṣẹ́ fi ataná hàn mí. Ó lọ tan iná iwájú ọkọ̀. Mo dá púlọ́ọ̀gì padà sínú ìwé kíá.

Èyí tó le ni ipò tí irin náà wà. Mo kọ "há". Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, eegun ẹja ló ń há. Ibi tí kò yẹ kó dúró sí ló dúró sí. Ilé púlọ́ọ̀gì kọ́ lẹ wò yẹn?" "Lẹ̀" ńkọ́? Ó ní ti gọ́ọ̀mù nìyẹn. "Gan" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, àmọ́ nǹkan lè dá gan láyè ara rẹ̀.

Peugeot 504 ló wà níwájú wa, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Àlùmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irin ni ara púlọ́ọ̀gì. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ àárín àwọn méjèèjì, wọn a máa jẹ ara wọn, ìpẹtà a sì kún inú tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu ihò kó má baà já sínú sílíńdà, ó kán epo sí i, ó ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì ó tú u díẹ̀, ó dè é padà, ó tún tú u. Ẹni tó bá fi agbára mú un, tẹ́rẹ́ẹ̀dì orí ẹ́ńjìnnì ni yóò bá a jáde.

"Ó ti dípẹtà mọ́ ọn," ló ń wí. "Ẹ̀bẹ̀ ló ń fẹ́."

"Mọ́" kékeré yẹn ni mo ń wá! Bíbélì ní "ìpáàrà" nínú Mátíù, àwọn àgbà ní irin a máa dógùn-ún, ṣùgbọ́n ìpẹtà nìkan ni ìwọ̀nyí ń sọ; "mọ́" ló so ó pọ̀ mọ́ ohun kejì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 kò ro ti mẹkáníìkì, ti èdè àti lítíréṣọ̀ ló bá wá. Síbẹ̀, onímọ̀ èdè tó pe bí ìró ṣe ń gba àbùdá aládùúgbò rẹ̀ ní "àrànmọ́", "mọ́" kan náà ló yá lò.

Olóòtú mi ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo. Mo fi ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mẹ́ta nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ọkọ̀ náà ló tú lọ́jọ́ kejì yẹn. Ìkẹrin ṣì wà nínú epo nígbà tí mo kúrò ní Ìwó.