Kì Í Ṣe Òtútù Omi Ló Ń Ba Ìgbáròkó Jẹ́

Ní Ayétòrò títí dé Igbókòdá, ẹni tó bá ti di ìgbáròkó mú, èsì kan náà ló máa gbọ́: òtútù omi ti wọ̀ ọ́ légungun, làkúrègbé ni. Ta ni kì í tẹ omi ní Ìlàjẹ? Ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, tí kò fojú kan òkun rí, òun náà ń tiro. Òtútù lè mú kí oríkèé le láàárọ̀. Kò lè pa egungun.

Ẹ wo ìyá ẹlẹ́ja tó fẹ́ gòkè láti inú ọkọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé itan rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó lè kan pákó. Bó bá ní ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ló ń dun òun, oríkèé ìgbáròkó la ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ti ìdí ta dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yìn ni ká yẹ̀ wò. Orúnkún pàápàá máa ń tanni: ọmọdé á ní orúnkún ni, ìgbáròkó ló sì bàjẹ́.

Orí egungun itan jókòó sínú ihò rẹ̀ bí ọmọ odó sínú odó, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ ló sì ń bọ́ ọ. Nínú àrùn ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tí oníṣègùn Herrick kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1910, ẹ̀jẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á dí òpó wọ̀nyí, orí egungun á kú, á sì wó. Nàìjíríà ni àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS pọ̀ sí jù láyé.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: ògógóró tí wọ́n ń mu lé òtútù, bó bá pọ̀ tó sì pẹ́, irú ikú egungun yẹn náà ló ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún làkúrègbé, tí prednisolone tàbí dexamethasone bá wà nínú rẹ̀. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọn á tún rà á, ọdún á yí po.

Ọmọ tí ibà mú tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, àgbàlagbà tó yọ̀ ṣubú lórí afárá pákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó sì yí síta: ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ. Fún àwọn yòókù, fọ́tò egungun àkọ́kọ́ lè mọ́ kedere, torí egungun máa ń kú kó tó wó. Àyẹ̀wò MRI ló ń tètè rí i.