Ọkọ́ ni mo wá, ọkọ ló jáde 🧵

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, láti Òkèrèwè n'Ífẹ̀ níbí, mo wá "ọkọ́" tí àgbẹ̀ fi ń ro oko lórí fóònù lálẹ́ àná. Ọkọ ìyàwó ló kó wá 😭 Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn.

2/ Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní abala 8. Ìkọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kó dojú dé. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọ̀nà 256. Odù 256 nìyẹn. Èyí tó bá jáde, ẹsẹ abẹ́ ẹ̀ ni babaláwo ń kì.

3/ Ilé ìkàwé ní tiẹ̀ lo káàdì: orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, kókó ọ̀rọ̀. Tó ò bá mọ ọ̀kankan, ó parí.

4/ Ní 1972, Karen Spärck Jones ní Ìlú Ọba ní: ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbogbo ìwé ò wúlò púpọ̀ fún ìwákiri, èyí tó ṣọ̀wọ́n ló ń tọ́ka. "Ni" wà níbi gbogbo; "ọ̀pẹ̀lẹ̀" ò sí níbi gbogbo.

5/ Àmọ́ tá a bá kọ ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ àti oko ní "oko" láìsí àmì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di ẹyọ kan. Kí lẹ̀rọ fẹ́ mú?

6/ Nínú Ifá, àmì kan yí padà, Odù yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fàmì sí i, kí àwọn ọmọ wa lè rí ohun tá a kọ.