Lẹ́tà Inú Àpò: Ímeèlì Láìsí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Akówọnjọ

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó Akéte ní 1852, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹni tó bá sì gba àrokò, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta ni ó fi gbé e sínú àpò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní yingin, nítorí ohun tí a rán ti di ti ẹni tí a rán an sí. Ímeèlì kò rí bẹ́ẹ̀ fún ará Akówọnjọ ní Èkó nígbà tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ilé onílé lẹ́yìn òkun ni lẹ́tà rẹ̀ wà, owó ìṣẹ́jú ni ó sì fi ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe báyìí ni ímeèlì ṣe wọ Nàìjíríà. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ní Yábàtẹ́ẹ̀kì, ilé ẹ̀kọ́ tí a fi àkóso orúkọ .ng lé lọ́wọ́ ní 1995, àti ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, a ó kó lẹ́tà jọ sínú kọ̀ǹpútà kan, kọ̀ǹpútà náà yóò pe òkè òkun lórí wáyà NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, yóò kó tirẹ̀ fún wọn, yóò gba tiwa, yóò sì já wáyà kíákíá kí owó má baà wọ́n jù. Ìgbà tí wáyà bá ti já ni olúkúlùkù ń ka lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Hotmail ló yí i padà ní 1996, Yahoo Mail sì tẹ̀ lé e ní 1997. Ọ̀nà là fún mẹ̀kúnnù, nítorí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ó tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ sì yọ sí i. Báyìí ni káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe gba ìgboro Èkó. Ní ojú ọ̀nà Akówọnjọ, láti ìhà Dópèmú títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, àwo sátẹ́láìtì lórí òrùlé àti ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé ni a fi ń dá wọn mọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì pélébé ni oníbàárà ń rà. Bí ó bá ti tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀, aago igun ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, kò sì bìkítà bóyá ojú ewé Yahoo ti ṣí tàbí kò tíì ṣí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tó wá ń ro ohun tí yóò kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ ni ó ń dáná sun. Bí NEPA bá sì mú iná lọ kí ó tó fi í ránṣẹ́, ó di kí ó tún un kọ láti orí.

Ṣùgbọ́n ilé ọgbọ́n ni Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti ẹni tó ń wáṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà wọn sílẹ̀ nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ataìpù, wọn a fi í sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, wọn a gbé e dé káfẹ́, wọn a dà á sínú Yahoo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá sì wọlé fún wọn, wọn a kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì náà lọ kà nílé. Nígbà tí fláàṣì dé, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Bí a bá ń ka àwọn tó dá kíka ímeèlì láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ láyé, èmi yóò ka àwọn wọ̀nyí mọ́ wọn.

Àléébù kan wà níbẹ̀: dísíkẹ́ẹ̀tì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí ó kúrò. Ìlànà POP tí ayé ti ń lò a máa kó lẹ́tà wálé, a sì sábà máa palẹ̀ ibi tí ó ti kó o mọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà IMAP, tí Mark Crispin dá sílẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní 1986, ń ṣe bí alájọ àti oníbàárà rẹ̀: káàdì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dájọ, ìwé wà lọ́wọ́ alájọ, ohun tí a bá sì sàmì sí lára ọ̀kan gbọ́dọ̀ hàn lára èkejì nígbà tí wọ́n bá tún pàdé. Yahoo sọ POP di ohun tí a ń sanwó fún ní 2002, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní káàdì báńkì tí wọ́n lè gbà lókè òkun. Ìdí nìyí tí dísíkẹ́ẹ̀tì fi pẹ́ lọ́wọ́ wa. Gmail, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2004, fi POP sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún náà, ó sì fi IMAP kún un ní 2007.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iléeṣẹ́ Econet àti MTN ti gbé fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, Glo tẹ̀ lé wọn ní 2003. Lẹ́yìn náà ni BlackBerry gbòde, ẹ̀rọ tí lẹ́tà ń wọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń dúró níbẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dópèmú lè kọ èsì sílẹ̀, èsì náà yóò sì lọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wáyà abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, káfẹ́ sì di ṣọ́ọ̀bù fóònù. BlackBerry náà kò pẹ́ títí: ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ pa iná àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà.

Google ti dán kíka Gmail láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò ní 2009, ó tún gbé òmíràn jáde ní 2011, kí ó tó fi í sínú Gmail gan-an ní 2018, níbi tí ènìyàn ti lè yàn bóyá lẹ́tà ọjọ́ 7, 30 tàbí 90 ni kí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ tọ́jú. Ó pẹ́ kí àwa tó kà á sí, nítorí dátà ti rọjú díẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí ẹ̀kúnwó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní oṣù kìíní ọdún 2025, mo rí àwọn ọ̀dọ́ Akówọnjọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń fi Wi-Fi ọ́fíìsì kó lẹ́tà wọn jọ kí wọ́n tó wọ mọ́tò, tí wọ́n sì ń kọ èsì wọn sílẹ̀ lálẹ́ nílé láìná kọ́bọ̀ lórí dátà.